Láti Ìkẹjà dé Perth ní Ọsirélíà: kìlómítà mélòó gan-an ni, ọ̀nà wo ló sì yẹ kí màmá wa gbà?

ỌmọAlárè_Òde (Ìjẹ̀bú-Òde), 6:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Perth ti bímọ, màmá wa sì ń lọ bá a wẹ ọmọ. Físà ti jáde. Tíkẹ́ẹ̀tì ló kù.

Bí mo ṣe ń wá bí ọ̀nà yẹn ṣe jìn tó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kálukú ló ń sọ tiẹ̀. Ọ̀kan ní 12,527. Òmíràn ní 7,784. Ẹ̀kẹta ní 6,764. Éjẹ́ǹtì tí mo lọ bá níbí ní tó bá jẹ́ pé Dubai la gbà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 15,000, ó wá ní kí n jẹ́ kí màmá gba Lọ́ńdọ̀nù nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n máa pààrọ̀ ọkọ̀. Màmá ò wọ bàálù kọjá Àbújá rí, eékún ọ̀tún sì máa ń dùn wọ́n tí wọ́n bá jókòó pẹ́. Mi ò fẹ́ fi owó ra ìyà fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lóye.

Tísà_Ìgbó (Ìjẹ̀bú-Igbó), 6:58 ìrọ̀lẹ́

Kú oríire, àbúrò. Ọlọ́run á dá ọmọ sí, màmá á lọ re, wọ́n á bọ̀ re.

Kò sí irọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó o rí yẹn. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi ìwọ̀n mẹ́ta wọ̀n. 12,527 jẹ́ kìlómítà. 7,784 jẹ́ máìlì tí a mọ̀ lójú títì, tí ọ̀kan jẹ́ kìlómítà 1.609. 6,764 sì jẹ́ máìlì tí àwọn atukọ̀ ojú omi àti àwọn awakọ̀ òfurufú ń lò, tí ọ̀kan jẹ́ kìlómítà 1.852 géérégé. Àwọn ojú-ewé kan kì í kọ irú ìwọ̀n tí wọ́n lò síwájú nọ́ńbà, ibẹ̀ ló ti ń dàrú mọ́ èèyàn lójú. Kìlómítà ni kó o mú dání, kó o fi àwọn yòókù sílẹ̀.

O tún lè rí ojú-ewé tó máa sọ 12,510 tàbí 12,540. Má jẹ́ kí ìyẹn dà ọ́ láàmú. Àwọn kan ń wọ̀n láti àárín ìlú, àwọn kan láti pápákọ̀ òfurufú. Ayé fúnra rẹ̀ kò sì rí róbótó tán: láti àárín rẹ̀ sí ìlà agbedeméjì jẹ́ kìlómítà 6,378, ṣùgbọ́n láti àárín rẹ̀ sí orí rẹ̀ lókè tàbí ìsàlẹ̀ jẹ́ 6,357. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ bíi pé ó róbótó àti ẹni tó bá ka ìtẹ̀ yẹn mọ́ ọn, èsì wọn ò ní dọ́gba.

ỌmọRẹ́mọ77 (Ṣàgámù), 7:05 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá tísà. Ìbéèrè tèmi rèé. Mo fi rúlà fa ìlà láti Èkó dé Perth lórí máàpù ara ògiri wa. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Zanzibar ní Tanzania kọjá, ó gba òkè Madagascar, ó wá bọ́ sórí òkun. Àmọ́ nígbà tí mo ní kí kọ̀ǹpútà fà á fún mi, ìlà náà tẹ̀ wálẹ̀ sí gúúsù, ó gba àárín Madagascar gan-an. Báwo ni èyí tó tẹ̀ ṣe wá kúrú ju èyí tó tọ́ lọ?

Tísà_Ìgbó (Ìjẹ̀bú-Igbó), 7:21 ìrọ̀lẹ́

Ìbéèrè gidi nìyẹn, òun sì ni mo máa ń fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì mi béèrè.

Mú bọ́ọ̀lù kan àti òwú. Fi bírò sàmì síbi tí Èkó wà, lókè àárín bọ́ọ̀lù díẹ̀, kó o tún sàmì sí Perth, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Na òwú láàárín wọn, kó o fà á le dáadáa. Bó o ṣe ń fà á, òwú yẹn á máa yọ́ lọ sí ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀lù títí á fi dúró síbi kan. Ibi tó dúró sí ni ọ̀nà tó kúrú jù. Tó o bá wá gbìyànjú láti fi ìka tì í lọ síbi tí rúlà rẹ gbà, wàá rí i pé òwú náà ò tó mọ́.

Máàpù ara ògiri ni wọ́n fi ipá tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ibì kan ṣe ń jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé ni wọ́n ṣe ń nà án fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí nìyẹn tí ìlà rúlà fi ń tan ojú jẹ. Ọ̀nà òwú láti Ìkẹjà á gba ojú òkun lọ sí agbègbè Equatorial Guinea, á la Kóńgò méjèèjì kọjá, á fi ara kan àríwá Sáńbíà, á gba Màláwì àti Mòsáńbíìkì, á sọdá àárín Madagascar, lẹ́yìn náà òkun ni títí dé Perth. Láàárín Òkun Íńdíà, ìlà òwú fi ju kìlómítà 1,000 lọ wà ní gúúsù ìlà rúlà rẹ.

ỌmọRẹ́mọ77 (Ṣàgámù), 7:26 ìrọ̀lẹ́

Mo lo bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ. Òótọ́ ni! Òwú ọ̀hún kàn yọ́ lọ fúnra rẹ̀ ni. Ẹ ṣé gan-an, bàbá.

Aṣètò_Ìperu (Ìperu-Rẹ́mọ), 7:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìjíròrò o. Iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì ni ká máa ṣètò ọ̀nà fún ọkọ̀ òfurufú: epo tí yóò gbé, ibi tí yóò gbà, ibi tí yóò yà sí tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún ọ̀rọ̀ bàbá.

12,527 yẹn, kò sí èrò kankan tó máa fò ó. Kò sí ọkọ̀ tó ń ti Ìkẹjà lọ sí Perth láìsọ̀kalẹ̀. Kì í ṣe pé ọkọ̀ ò lè fò ó. Láti Perth dé Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ kìlómítà 14,499, Qantas sì ti ń fi Boeing 787 fò ó láìdúró láti oṣù kẹta ọdún 2018. Láti Singapore dé New York lé ní 15,300, ó ń gba bíi wákàtí méjìdínlógún àti ààbọ̀ sí mọ́kàndínlógún. Èrò tó ń lọ láti ọ̀dọ̀ wa sí Perth ni kò pọ̀ tó láti kún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, iye tó kan màmá ni àròpọ̀ ọ̀nà méjì: Ìkẹjà sí ibi tí wọ́n ti máa pààrọ̀ ọkọ̀, àti ibẹ̀ sí Perth. Mo bá yín ṣírò rẹ̀.

Johannesburg: bíi 4,520, lẹ́yìn náà bíi 8,310. Àròpọ̀ 12,830.

Doha: bíi 5,530, lẹ́yìn náà bíi 9,310. Àròpọ̀ 14,840.

Dubai: bíi 5,900, lẹ́yìn náà bíi 9,020. Àròpọ̀ 14,920. Nọ́ńbà tí éjẹ́ǹtì yín sọ nìyẹn, kò purọ́ níbẹ̀.

Lọ́ńdọ̀nù: bíi 5,000, lẹ́yìn náà 14,499. Àròpọ̀ 19,500.

Ẹ wò ó dáadáa. Èèyàn tó ń lọ sí gúúsù ìlà oòrùn ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ gbé lọ sí àríwá fún wákàtí mẹ́fà àbọ̀, kí wọ́n tó wá dá a padà. Kìlómítà bíi 7,000 ni wọ́n fi kún ọ̀nà màmá lásán. Ẹ̀ẹ̀kan náà sì ni wọ́n máa pààrọ̀ ọkọ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìdí tí éjẹ́ǹtì fún yín kò fi Lọ́ńdọ̀nù ṣíwájú ẹnikẹ́ni.

Ìsàlẹ̀Ìwàdé (Ìjẹ̀bú-Òde, mo ń gbé Lọ́ńdọ̀nù), 8:14 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má fi Lọ́ńdọ̀nù wọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. A pọ̀ níbí. Màmá lè sùn sílé wa lọ́jọ́ méjì tí wọ́n bá ní físà tó jẹ́ kí wọ́n wọ ìlú, kí ara wọn rọ̀, kí wọ́n tó tún gbéra. Ìyá tí kò rin ìrìn àjò rí, ó dára kó rí ojú ẹbí lọ́nà.

Aṣètò_Ìperu (Ìperu-Rẹ́mọ), 8:22 alẹ́

Àǹfààní tẹ́ ẹ sọ yẹn wà lóòótọ́, ẹni tó bá ní físà ìlú ọba lọ́wọ́ lè rò ó. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kejì yẹn ń gba bíi wákàtí mẹ́tàdínlógún lójú òfurufú ní ìjókòó kan. Eékún tó ń dunni ò ní fara mọ́ ọn.

Ohun mìíràn nípa ọ̀nà Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù: ìlà tó kúrú níbẹ̀ gba òkè lọ tààrà, orí Niger àti aṣálẹ̀ Sàhárà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger, wọ́n ti òfurufú orílẹ̀-èdè náà pa fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Yúróòpù sọ́dọ̀ wa ní láti yí ká. Kìlómítà orí ìwé kò yí padà, àwọn ìlú méjèèjì wà níbi tí wọ́n wà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọkọ̀ rìn gùn sí i, epo tó jó pọ̀ sí i. Ẹ tún rántí Helsinki sí Tókíò: kí wọ́n tó ti òfurufú Rọ́ṣíà mọ́ wọn ní 2022, bíi wákàtí mẹ́sàn-án àbọ̀ ni, lẹ́yìn rẹ̀, ó di bíi mẹ́tàlá. Òwú orí bọ́ọ̀lù kò mọ ẹnubodè, àwa tó ń ṣètò ọ̀nà la mọ̀ ọ́n.

ỌmọAlárè_Òde (Ìjẹ̀bú-Òde), 8:35 alẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ̀nù ti kúrò lọ́kàn mi. Ó wá ku Johannesburg, Doha àti Dubai. Wákàtí ńkọ́? Màmá sì ń béèrè láti ẹ̀gbẹ́ mi níbí: ṣé òótọ́ ni pé òkun nìkan ni ọkọ̀ Johannesburg ń gbà, tí kò sí ilẹ̀ kankan nísàlẹ̀?

Aṣètò_Ìperu (Ìperu-Rẹ́mọ), 9:03 alẹ́

Ẹ bá mi kí màmá o. Ẹ sọ fún wọn pé òótọ́ ni, láti ìgbà tí ọkọ̀ bá ti fi etí òkun Gúúsù Áfíríkà sílẹ̀, omi ló pọ̀ jù níwájú. Ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ tó ń wọ ojú omi yẹn láìjẹ́ pé wọ́n ti ṣírò ibi tí yóò yà sí. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì méjì ní òfin tirẹ̀: ibikíbi tó bá wà lọ́nà, ó gbọ́dọ̀ lè fi ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo dé pápákọ̀ kan láàárín wákàtí tí wọ́n fún un láṣẹ. Tí kò bá lè ṣe é, a máa yí ọ̀nà rẹ̀ padà kó lè súnmọ́ ilẹ̀, kódà bí kìlómítà bá pọ̀ sí i. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Mi ò fọwọ́ sí ọ̀nà kankan rí láìmọ ibi tí ọkọ̀ máa bà sí.

Ní ti wákàtí: Ìkẹjà sí Johannesburg jẹ́ bíi mẹ́fà, Johannesburg sí Perth bíi mẹ́sàn-án àbọ̀. Ìkẹjà sí Doha bíi méje, Doha sí Perth kò tó mọ́kànlá tán. Dubai fi díẹ̀ ju Doha lọ lápá kìíní.

Ẹ máa rí ohun kan lórí tíkẹ́ẹ̀tì tó máa yà yín lẹ́nu: ìpadàbọ̀ láti Perth sí Johannesburg máa ń súnmọ́ wákàtí mọ́kànlá, bẹ́ẹ̀ kìlómítà kan náà ni. Afẹ́fẹ́ ló fà á. Lókè réré, ní apá gúúsù ayé níbẹ̀, afẹ́fẹ́ líle kan wà tó ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Tó bá ń ti ọkọ̀ lẹ́yìn, ọkọ̀ á yára. Tó bá kọjú sí i, ó di ìjàkadì. Ní oṣù kejì ọdún 2020, irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ọkọ̀ kan láti New York dé Lọ́ńdọ̀nù ní wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, ọ̀nà tó máa ń gbà tó wákàtí mẹ́fà sí méje. Nítorí náà ni àwa ò fi ń fi kìlómítà nìkan sọ iye wákàtí.

Màmá_Àgbà_Ìkẹ́nnẹ́ (Ìkẹ́nnẹ́-Rẹ́mọ), 9:30 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ti lọ wẹ ọmọ ní Melbourne, Doha ni mo gbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìwé ò sọ.

Èkíní, ẹ béèrè fún wíìlìṣíà nígbà tẹ́ ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má dúró di ọjọ́ ìrìn àjò. Wọn kì í gbowó rẹ̀. Kí màmá má sọ pé òun lè rìn o. Pápákọ̀ wọn gùn, ẹsẹ̀ á rìn títí, èdè ibẹ̀ á sì máa dún létí bí ẹyẹ. Ọmọkùnrin tó ti mi ní Doha ló bá mi dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ kejì gan-an, ó bá mi gba omi mu.

Èkejì ni oúnjẹ. Mo dì gaàrí Ìjẹ̀bú sínú ọ̀rá méjì-méjì, ẹ̀gúsí lílọ̀, ẹ̀lú­bọ́, edé gbígbẹ àti ewé tí mo fẹ́ fi ṣe àgbo ọmọ. Nínú ọkọ̀, wọ́n fún wa ní káàdì kan láti kọ nǹkan sí. Mo ní kí ọmọ tó jókòó tì mí bá mi kà á, ló bá ní wọ́n ń béèrè bóyá mo gbé oúnjẹ, ewé tàbí hóró èso. Mo ní kó kọ bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo rẹ̀. Nígbà tí a dé, wọ́n tú báàgì mi sórí tábìlì, obìnrin kan wọ ìbọ̀wọ́, ó ń gbọ́n gaàrí wò lọ́wọ́ kan, ó ń fi imú gbọ́ edé. Ewé ni wọ́n gbà, wọ́n jù ú nù níṣojú mi. Gaàrí àti ẹ̀lú­bọ́ kọjá. Ọkùnrin tó wà níwájú mi kò kọ nǹkan kan sórí káàdì tiẹ̀, ẹran gbígbẹ jáde nínú ẹrù rẹ̀, ìtanràn ni wọ́n bù fún un. Ẹ sọ fún màmá: kí wọ́n kọ ohun gbogbo sílẹ̀. Ohun téèyàn kọ sílẹ̀, bí wọ́n gbà á náà, kò sí ìjà.

Ẹ̀kẹta, yẹ́lò káàdì, ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Kò sí ọ̀nà tí wọ́n máa gbà tí wọn ò ní béèrè rẹ̀ nítorí pé Nàìjíríà la ti ń lọ. Àwọn Gúúsù Áfíríkà náà ń béèrè.

ỌmọRẹ́mọ77 (Ṣàgámù), 9:41 alẹ́

Màmá, ẹ kú ọlá ọmọ. Ẹ fi èyí sí ojú-ìwé àkọ́kọ́ jàre, ẹ̀yin alábòójútó.

Ṣé màmá ò wá lè gbéra láti pápákọ̀ tuntun wa tó wà láàárín Ìperu àti Ìlíṣàn báyìí? Kí wọ́n má tiẹ̀ dé ọ̀nà Èkó rárá.

Aṣètò_Ìperu (Ìperu-Rẹ́mọ), 9:48 alẹ́

Ẹ̀yìn ilé wa ló wà, inú mi ì bá dùn. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ Doha, Dubai àti Johannesburg, Ìkẹjà ni wọ́n ti ń gbéra.

Ẹ ṣírò ọ̀nà títì mọ́ ìrìn àjò o. Láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣàgámù ò ní wàhálà púpọ̀. Láti Mọ́wé sí Ìbàfò ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti ń bẹ̀rẹ̀, pàápàá lọ́jọ́ Ẹtì tí àwọn ìjọ tó wà lójú ọ̀nà yẹn bá ní ìpàdé ńlá. Kí màmá sùn sí Èkó lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹni tó bá jókòó sínú mọ́tò fún wákàtí márùn-ún ní Ìbàfò, eékún rẹ̀ ti wú kó tó wọ bàálù.

Nọ́ọ̀sì_Àgọ́ (Àgọ́-Ìwòyè), 10:10 alẹ́

Nítorí eékún yẹn ni mo ṣe dá sí i. Kí màmá rí dókítà kí wọ́n tó lọ. Ìjókòó gígùn máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀, ó sì lè gba ibẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn léwu gan-an. Kí wọ́n máa dìde rìn nínú ọkọ̀, kí wọ́n máa yí ọrùn ẹsẹ̀ wọn po, kí wọ́n mu omi dáadáa. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí wọ́n bá ń lò ó, kó wà nínú báàgì ọwọ́, kó má wọ inú ẹrù tó ń lọ sísàlẹ̀. Perth fi wákàtí méje ṣíwájú wa, kí dókítà bá wọn ṣètò ìgbà tí wọ́n máa lò ó lọ́nà.

ỌmọAlárè_Òde (Ìjẹ̀bú-Òde), 10:31 alẹ́

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sókè fún màmá, wọ́n ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, pàápàá ìyá Ìkẹ́nnẹ́. Wọ́n ti yọ ewé kúrò nínú ẹrù.

Ẹ̀gbọ́n Ìperu, ọ̀rọ̀ kan ló kù. Johannesburg ló kúrú jù. Ṣé kí n kàn rà á?

Aṣètò_Ìperu (Ìperu-Rẹ́mọ), 10:52 alẹ́

Ẹ má tíì rà á. Johannesburg fi bíi kìlómítà 2,000 kúrú ju Doha lọ, ó sì fi wákàtí méjì lé díẹ̀ yá lójú òfurufú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Johannesburg sí Perth kì í lọ lójoojúmọ́. Tí màmá bá dé ibẹ̀ láàárọ̀, tí ọkọ̀ tó kàn sì jẹ́ ọ̀túnla, wọ́n máa nílò físà Gúúsù Áfíríkà láti jáde lọ sùn, ohun tí wọ́n jèrè lókè ti dànù nílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ méjèèjì bóyá wọ́n bá ara mu. Kó jẹ́ pé orí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni ọkọ̀ méjèèjì wà, kí ẹrù lè kọjá fúnra rẹ̀, kí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ sì wá ọ̀nà míì fún wọn tí ti àkọ́kọ́ bá pẹ́. Kí àlàfo àárín wọn má dín ní wákàtí mẹ́ta, kó má sì ju mẹ́fà lọ.

Tí ẹ bá rí irú ìyẹn, ẹ mú Johannesburg. Tí ẹ ò bá rí i, Doha tàbí Dubai, èyí tí ìdúró rẹ̀ bá kúrú jù. Ẹ mú ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ìrìn, lápá òsì ọ̀nà náà, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún màmá lè máa nà síta.

ỌmọAlárè_Òde (Ìjẹ̀bú-Òde), 11:04 alẹ́

Mo rí ọ̀kan ní Johannesburg, wákàtí mẹ́rin ni àlàfo rẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì kan náà. Mo ń pe éjẹ́ǹtì láàárọ̀ ọ̀la.